Ìmọ́lẹ̀, Fìtílà, Àbẹ́là àti Iná: Ìtúpalẹ̀ Àmì Ìmọ́lẹ̀ nínú Ìgbàgbọ́ àti Ìjọsìn Kírísítẹ́nì ní Ilé-Ifẹ̀

Àṣàmọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe ìtúpalẹ̀ ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà jẹ́ àmì nínú ìgbàgbọ́ àti ìjọsìn Kírísítẹ́nì láàrin àwọn Yorùbá, pàápàá ní Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni ó yẹ̀ wò: ìmọ́lẹ̀, fìtílà, àbẹ́là àti iná. Ó fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà, mọ́, so ìmọ́lẹ̀ pọ̀ mọ́ ìwà mímọ́ àti ojúmọ́, àti pé inú ìtumọ̀ yìí ni ó yẹ kí a ti ka àbẹ́là tí àwọn ìjọ Aládùúrà ń tàn. Ó wá jiyàn pé bí àdúrà iná ṣe ń gba ipò ìmọ́lẹ̀ lóde òní ń yí ohun tí àmì náà ń sọ nípa aládùúgbò padà. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní ìlú tí aáwọ̀ ti sọ iná sí ilé rí.

1. Ìfáàrà

Òkèrèwè jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò àtijọ́ Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú Ìrẹ́mọ, Ìlódè, Mọ̀ọ̀rè àti Ìlárè. Lónìí, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ ni ó wà. Bí a bá ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ti wúwo jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, Ifẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ohun tí gbogbo Yorùbá fi ń ki ìlú náà ni pé ibẹ̀ ni ojúmọ́ ti ń mọ́ wá sí ayé. Ọdún Ọlọ́jọ́, tí Ọọ̀ni ń dé adé Àárẹ̀ nígbà rẹ̀, gbé orúkọ ẹni tí ó ni ọjọ́ lérí. Kírísítẹ́nì tí a bí sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ pàdé nínú Bíbélì. Kí ó tó lè ka orí kìíní Ìhìnrere Jòhánù, ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà pé ilẹ̀ tí òun ń tẹ̀ ni ilẹ̀ ti kọ́kọ́ mọ́.

Síbẹ̀, èrò méjì ni ó sábà máa ń jẹ yọ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìmọ́lẹ̀ nínú ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì nílẹ̀ yìí. Èrò kìíní ni pé àwọn míṣọ́nnárì ni ó kó àmì náà wá, tí àwọn Yorùbá kàn gbà á bí ó ṣe rí. Èrò kejì ni ti àwọn tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu àbẹ́là àwọn Aládùúrà: wọ́n ní ìbọ òrìṣà ni, pé aṣọ funfun lásán ni wọ́n fi bò ó. Èrò méjèèjì jọ ta ko ara wọn, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni wọ́n ṣe: kò sí èyí tí ó fetí sí èdè Yorùbá. Iṣẹ́ yìí gbà pé inú èdè ni ó yẹ kí ìtúpalẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń gbàdúrà ni ó ń kọ́ ọ ní ohun tí yóò máa retí láti inú àdúrà náà.

2. Mọ́: Gbòǹgbò Kan, Ẹ̀ka Mẹ́ta

Ní 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù láti ọwọ́ Samuel Àjàyí Crowther jáde. Nígbà tí yóò fi di 1884, odindi Bíbélì ti wà ní èdè Yorùbá. Nínú ohun tí àwọn olùtumọ̀ ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ni ìwà tí Bíbélì fi ya Ọlọ́run sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá. Nínú èdè Hébérù àti ti Gíríìkì, ìyàsọ́tọ̀ ni ó ṣáájú nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá mú ni mímọ́, ìyẹn ohun tí kò ní ìdọ̀tí, ohun tí a ti fọ̀ tí ó sì mọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Ẹ̀mí ní Ẹ̀mí Mímọ́, tí a sì ń pe ìwé náà fúnra rẹ̀ ní Bíbélì Mímọ́.

Ohun tí yíyàn yìí fà pọ̀ ju bí ó ti hàn lójú lọ. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a ó rí mọ́ àti ilẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá tú ojúmọ́, ojú àti mọ́ ni yóò jáde. Mímọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ àpètúnpè mọ́. Ìmọ́lẹ̀, ojúmọ́ àti ìwà mímọ́ wá di ọmọ ìyá nínú etí ẹni tí ń gbọ́ Yorùbá. Ferdinand de Saussure kọ́ni pé kò sí ìdí àdánidá tí ó so àmì ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí ó dúró fún, ṣùgbọ́n òun náà gbà pé àwọn ọ̀rọ̀ kan ní ìdí díẹ̀ nítorí àjọṣe wọn pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè kan náà. Irú àjọṣe yìí gan-an ni ó wà níhìn-ín. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rọ̀ fún ìwà mímọ́ kò jọ ara wọn rárá. Oníwàásù ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ so wọ́n pọ̀. Ní Yorùbá, èdè ti so wọ́n pọ̀ kí oníwàásù tó gun àga ìwàásù.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àmì ohùn níhìn-ín. Mọ́ kì í ṣe mọ̀. Ìmọ̀ jẹ́ ti ọgbọ́n orí. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ka rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníwàásù máa ń fẹ́ fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe mọlẹ̀ tí ó wà nínú irúnmọlẹ̀, orúkọ tí Ifẹ̀ fi ń pe àwọn òrìṣà tí wọ́n ti ọ̀run rọ̀. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí, ojú kò lè ya àwọn ọ̀rọ̀ yìí sọ́tọ̀. Etí ni ó ń yà wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ìjọra lójú ìwé kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn, ìbáà jẹ́ láti fi ìmọ́lẹ̀ Bíbélì gbe àwọn irúnmọlẹ̀ lẹ́sẹ̀ tàbí láti fi bú wọn, orí yanrìn ni ó kọ́lé sí.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí mọ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Yorùbá kì í sábà sọ pé ojú ọ̀run ni ó mọ́ nígbà tí òwúrọ̀ bá dé. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ilẹ̀ mọ́. Bí alẹ́ bá sì lẹ́, wọ́n á ní ilẹ̀ ṣú. Ilẹ̀ sì ni ohun tí gbogbo ará àdúgbò jọ ń tẹ̀. Kò sí bí ilẹ̀ ṣe lè mọ́ ní agbo ilé kan kí ó má mọ́ ní èkejì. Èyí ni ó jẹ́ kí kíkí òwúrọ̀ jẹ́ kíkí fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá bọ́jú tán tí ó jáde síta, ojúmọ́ tí ó mọ́ fún un ni ó fi ń kí aládùúgbò rẹ̀, nítorí pé òun náà ni ó mọ́ fún onítọ̀hún.

Èyí tún yanjú ìbéèrè kan tí ó ti pẹ́ nípa orí kìíní Ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́run dá ìmọ́lẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni ó dá oòrùn. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ní ilẹ̀ mìíràn ni ó ti béèrè ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá nígbà tí oòrùn kò tíì sí. Àgbẹ̀ Òkèrèwè tí ó ń jí lọ sóko kò ní ṣòro fún láti gbọ́ ọ yé, nítorí pé ilẹ̀ a máa mọ́ kí oòrùn tó yọ. Àsìkò kan wà láàárín òru àti oòrùn tí ojú ti lè rí ọ̀nà, tí a kò sì lè tọ́ka sí ibi kan ní ojú ọ̀run pé níhìn-ín ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Àsìkò yìí gan-an ni èdè Yorùbá fún ní orúkọ ìdájí àti àfẹ̀mọ́júmọ́. Ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣáájú oòrùn kì í ṣe àdììtú fún ẹni tí ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu.

3. Fìtílà àti Àbẹ́là: Ìmọ́lẹ̀ Tí Ọwọ́ Ènìyàn Ń Gbé

Bí ìmọ́lẹ̀ bá jẹ́ ọ̀rọ̀ onílé, àlejò ni fìtílà àti àbẹ́là. Fìtílà ti èdè Lárúbáwá wá, ọ̀nà Haúsá ni ó sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú òwò àti ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Àbẹ́là fara jọ vela tí í ṣe orúkọ ohun kan náà ní èdè Potogí, èdè tí àwọn Àgùdà tí wọ́n padà dé láti Bùràsílì mú bọ̀ wá sí Èkó. Kò ṣàdédé ṣẹlẹ̀ pé Ìjọ Àgùdà ni Yorùbá ń pe ìjọ Kátólíìkì títí di òní. Nígbà tí Kírísítẹ́nì Yorùbá bá tan àbẹ́là tí ó sì ka ẹsẹ Bíbélì nípa fìtílà, ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu Mùsùlùmí wá àti ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu Àgùdà wá pàdé lórí pẹpẹ kan. Ẹni tí ó bá ń wá ìmọ́lẹ̀ Kírísítẹ́nì tí kò ní àbùlà nínú èdè yìí kò ní rí i.

Iṣẹ́ tí Bíbélì Yorùbá fún fìtílà yàtọ̀ sí ti ìmọ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Ọlọ́run, ìmọ́lẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ yọ. Bí ó bá kan ohun tí a lè fi sábẹ́ òṣùnwọ̀n, tí epo lè tán nínú rẹ̀, tí atẹ́gùn lè pa, fìtílà ni. Nínú òwe àwọn wúńdíá mẹ́wàá ní Mátíù 25, gbogbo wọn ni ó ní fìtílà. Òróró ni ó yà wọ́n nípá. Ìwé Òwe 20 fi ẹ̀mí ènìyàn wé fìtílà Olúwa. Fìtílà ni ènìyàn: amọ̀, epo àti òwú, ohun tí kò lè tan ara rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tí fìtílà ní. Ohun tí ó gbà ni.

Àbẹ́là kò gba ipò pàtàkì nínú ìsìn àwọn ìjọ míṣọ́nnárì ti Pùròtẹ́sítáǹtì. Àwọn Aládùúrà ni wọ́n gbé e dé àárín àdúrà ojoojúmọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, Christianah Abíọ́dún Akínsọ̀wọ̀n lọ wo ìwọ́de àjọ̀dún Corpus Christi tí ìjọ Àgùdà ṣe ní Èkó. Níbẹ̀ ni ó ti rí ìran tí ó mú kí wọ́n ránṣẹ́ pe Moses Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́, láti wá gbàdúrà fún un. Inú ìpàdé àwọn méjèèjì ni ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù ti jáde lọ́dún náà. Ó yẹ kí àwọn tí ń sọ pé ìbọ òrìṣà ni ó bí àmì àwọn Aládùúrà rántí ìtàn yìí: ibi ìwọ́de Kírísítẹ́nì ni ìran àkọ́kọ́ ti wá.

Ìtàn Ìjọ Mímọ́ ti Kírísítì láti Ọ̀run Wá tún jinlẹ̀ sí i. Ìjọ náà so ìpè Samuel Biléhou Oschoffa mọ́ ìgbà tí òkùnkùn bo oòrùn ní oṣù karùn-ún ọdún 1947, nígbà tí ó wà nínú igbó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìjọ tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Yorùbá gbé mímọ́ sínú, tí ìtàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣú, ni ó fi ọ̀pá fìtílà ẹlẹ́ka méje sí orí pẹpẹ rẹ̀, bí Ìwé Ẹ́kísódù 25 ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ a máa wọ sùtánà funfun, wọn a sì bọ́ bàtà. Ẹni tí ó bá wo àwọn ohun wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè rò pé àṣà mẹ́ta tí kò bára tan ni. Ṣùgbọ́n tí a bá gbé wọn lé orí mọ́, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n: aṣọ mọ́, àbẹ́là mú kí ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ lásán sì kan ilẹ̀ tí a ti sọ di mímọ́. Ohun tí èdè sọ nínú ọ̀rọ̀ kan, ìjọsìn fi ara sọ ọ́.

Èyí kò túmọ̀ sí pé àtakò tí àwọn ìjọ mìíràn ń ṣe kò ní ìdí. Christ Apostolic Church, tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Ìlẹ́ṣà ní 1930 wà lára ohun tí ó bí i, jẹ́ Aládùúrà, ṣùgbọ́n kò fi àbẹ́là ṣe ọ̀wọ̀n àdúrà. Àwọn tí wọ́n ń bẹ̀rù pé àbẹ́là lè di ohun tí a gbẹ́kẹ̀ lé dípò Ọlọ́run kò rí àlá. Bí wọ́n bá ń sọ fún aláìní pé iye àbẹ́là tí ó bá rà ni yóò sọ bí àdúrà rẹ̀ ṣe máa gbà tó, àmì ti di ọjà. Ṣùgbọ́n ibi tí ìbáwí yìí ti yẹ kí ó balẹ̀ ni orí ìlòkulò. Àbẹ́là tí ń yọ́ bí ó ti ń tàn sọ ohun kan tí ìwàásù kò rọrùn láti sọ: ohun tí ń fúnni ní ìmọ́lẹ̀ ń ná ara rẹ̀. Ìtàn àgbélébùú ni èyí, kò sì sí ẹni tí ó ní láti kàwé kí ó tó lè rí i.

4. Òkùnkùn, Ọ̀làjú àti Ìṣọ́ Òru

Apá kan wà nínú ogún àwọn míṣọ́nnárì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Nínú ọ̀rọ̀ wọn, òkùnkùn ni ayé àwọn tí kò tíì gbàgbọ́, ìmọ́lẹ̀ sì dé pẹ̀lú ilé-ìwé, ìwé kíkà àti aṣọ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ tí Yorùbá wá lò fún gbogbo rẹ̀ ni ọ̀làjú, ìyẹn pé ojú là. Ọ̀làjú dára, kò sì sí ẹni tí yóò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú tí ó là àti ilẹ̀ tí ó mọ́ kì í ṣe ohun kan náà. Ọ̀làjú jẹ́ ti ẹni tí ojú rẹ̀ là. Ó lè ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ti ilẹ̀, kò sì gbé ẹnikẹ́ni ga ju ẹnì kejì lọ. Nígbà tí ìwàásù fi ọ̀làjú rọ́pò ìmọ́lẹ̀, ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé di ohun ìyangàn fún àwọn tí ó tètè kàwé.

Yorùbá fúnra wọn kò fi òkùnkùn ṣeré. Wọ́n ní òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ìdí tí òwe yìí fún wa jẹ́ ti àwùjọ: nínú òkùnkùn, ọmọdé lè pe àgbà ní ìwọ, kí ó bi í léèrè pé ta ni yẹn, nítorí pé kò rí ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ nínú ìrònú yìí ju pé kí ẹsẹ̀ má kọ lọ. Òun ni ó ń jẹ́ kí a dá ara wa mọ̀, kí ẹni tí ó yẹ kí ó kúnlẹ̀ kúnlẹ̀, kí ẹni tí ó yẹ kí ó dọ̀bálẹ̀ dọ̀bálẹ̀. Bí Ìwé Jòhánù Kìíní, orí kejì, ṣe so ìkórìíra arákùnrin ẹni mọ́ rírìn nínú òkùnkùn, kò jìnnà sí òwe yìí. Ẹni tí ó kórìíra arákùnrin rẹ̀ kò rí ojú rẹ̀ mọ́. Ó ti di ẹni tí kò mọ ẹni ọ̀wọ̀.

Síbẹ̀, àwọn Kírísítẹ́nì Yorùbá kò sá fún òru. Ìṣọ́ òru jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìsìn tí wọ́n fẹ́ràn jù, láti ìjọ Aládùúrà títí dé àwọn ìjọ tuntun. Àwọn Àgùdà náà ní ìṣọ́ òru Àjíǹde, tí wọ́n ń ṣe ní alẹ́ Sátidé Mímọ́. Ìta ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń dá iná tuntun. Láti ara iná náà ni wọ́n ti ń tan àbẹ́là ńlá ti Àjíǹde. Wọ́n á gbé e wọ inú ilé ìsìn tí ó ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn á sì máa tan àbẹ́là kéékèèké láti ara rẹ̀, ẹnì kan láti ọwọ́ ẹnì kejì. Ẹni tí ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní iná kò pàdánù nǹkan kan. Ẹ̀kọ́ pàtàkì wà nínú bí ìsìn yìí ṣe tò. Iná ni ó ṣáájú, ṣùgbọ́n kò wọ inú ilé bí iná. Ó ní láti di àbẹ́là, kí ó di ohun tí ọwọ́ lè gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìjóná.

5. Iná: Nígbà Tí Àmì Bá Yí Padà

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Iná kì í ṣe ohun burúkú nínú èdè Yorùbá. Iná ni a fi ń dáná, iná ni a sì ń pe mọ̀nàmọ́ná tí ọmọdé ń hó fún nígbà tí ó bá dé lálẹ́. Nínú Bíbélì, iná jẹ́ ọ̀nà kan tí Ọlọ́run gbà fara hàn. Láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí ti gba àárín gbùngbùn àdúrà. Mountain of Fire and Miracles Ministries, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1989, gbé iná sínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìjọ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó ti wọ inú àwọn ìjọ àtijọ́ pẹ̀lú. Ní ibi tí àdúrà ti máa ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìmọ́lẹ̀ tàn sí ọ̀nà, ó ti di pé kí iná jó ọ̀tá ilé baba, kí iná sọ sí ibùdó àwọn tí kò fẹ́ ire.

Gírámà fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ hàn. A lè tan iná, a sì lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a lè fi iná jó ilé, a kò lè fi ìmọ́lẹ̀ jó o. Ìmọ́lẹ̀ kò ní ọ̀tá tí ó ń lé kiri; òkùnkùn kàn ń kúrò níbi tí ó bá dé ni. Iná ń fẹ́ ohun tí yóò jẹ. Yorùbá sọ pé bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ohun tí iná ń fi sílẹ̀ nìyẹn. Àdúrà tí a gbé karí iná nìkan yóò máa wá ẹni tí yóò jó, bí kò bá sì rí i ní ìta, yóò wá a nínú ilé: ìyá ọkọ, àbúrò bàbá, arúgbó tí ń dá gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò.

Ifẹ̀ ní ìrántí tirẹ̀ nípa iná. Nínú ìtàn Mọ́remí, tí ọdún Ẹdì ń rántí, àwọn Ìgbò tí ń da ìlú láàmú a máa fi ìmọ̀ bora kí àwọn ará ìlú lè rò pé ará ọ̀run ni wọ́n. Mọ́remí ni ó tú àṣírí wọn, tí Ifẹ̀ fi gbé ògùṣọ̀ ko wọ́n lójú. Ògùṣọ̀ yẹn ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Ó jẹ́ ìmọ́lẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ènìyàn ni ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù. Ó sì jẹ́ iná, nítorí pé ó jó. Òǹkàwé tí ó bá fẹ́ fi ìtàn yìí ti àdúrà iná lẹ́yìn ní láti rántí èyí tí ó ṣáájú nínú méjèèjì. Mọ́remí lọ gbé láàrin wọn, ó mọ̀ wọ́n, kí ògùṣọ̀ tó tàn. Nínú ọ̀pọ̀ àdúrà òde òní, iná ti ń jó kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tí ó wà lábẹ́ ìmọ̀.

Ìrántí kejì kò jìnnà. Láàrin 1997 àti 2000, aáwọ̀ Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ gba ẹ̀mí, wọ́n sì sun ilé ní ìhà méjèèjì. Wọ́ọ̀dù Òkèrèwè àti wọ́ọ̀dù Modákẹ́kẹ́ jọ wà lábẹ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni. Àwọn Kírísítẹ́nì wà níhìn-ín, wọ́n wà lọ́hùn-ún. Bíbélì kan náà ni wọ́n ń kà, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Kò sí ẹ̀rí tí ó lè jẹ́ kí a sọ pé àdúrà ni ó dá iná náà, iṣẹ́ yìí kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ní ìlú tí ó ti rí iná lójú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ iná nínú àdúrà kì í ṣe àfiwé lásán. Etí tí ó gbọ́ ọ ti gbọ́ òórùn èéfín rí.

Lúùkù 9 ní ìtàn kan tí ó bá èyí mu. Abúlé àwọn ará Samáríà kan kò gba Jésù. Jákọ́bù àti Jòhánù béèrè bóyá kí àwọn pe iná sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run láti jó wọn run. Wọ́n ní àpẹẹrẹ lọ́wọ́: Èlíjà ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kìíní. Jésù yíjú padà, ó bá wọn wí, wọ́n sì gba abúlé mìíràn lọ. Àwọn ará Samáríà kì í ṣe àjèjì sí àwọn Júù. Aládùúgbò ni wọ́n, tí ìjà àtijọ́ nípa ilẹ̀ àti ibi ìjọsìn wà láàrin wọn. Nínú orí tí ó tẹ̀ lé e ni Jésù ti sọ ìtàn ará Samáríà rere. Ẹni tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn fẹ́ fi iná jó ni ó di àpẹẹrẹ aládùúgbò. Kò sí ìlú nílẹ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí ó ka orí méjèèjì yìí tẹ̀ léra bí Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́.

Àwọn kan yóò ní iná ni ó bà lé àwọn àpọ́sítélì ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, pé iná sì ni ó wà nínú igbó tí Mósè rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n iná méjèèjì ní ìwà kan náà: kò sí èyí tí ó jó ohun tí ó bà lé. Ti Mósè kò run igbó. Ti Pẹ́ńtíkọ́sì kò jó irun orí ẹnikẹ́ni, kàkà bẹ́ẹ̀, ó jẹ́ kí àwọn elédè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbọ́ ara wọn yé. Iná tí kò jó ni, tí ó sì fi ojú ẹni hàn ẹni. Ìmọ́lẹ̀ ni, àbùdá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti mọ́. Òṣùnwọ̀n tí Bíbélì fúnra rẹ̀ fi lé wa lọ́wọ́ nìyí: iná tí ó bá ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá bà lé ènìyàn yóò mú kí ó mọ́, kò ní sọ ọ́ di eérú.

6. Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ nínú ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì Yorùbá kì í ṣe ẹrù tí wọ́n kó wọlé, kì í sì í ṣe ìbọ òrìṣà tí ó fara pamọ́. Èdè Yorùbá ti pèsè mọ́ sílẹ̀, àwọn olùtumọ̀ Bíbélì sì gbé ìwà mímọ́ lé e lórí. Fìtílà tí ó gba ọ̀nà Haúsá àti àbẹ́là tí ó gba ọ̀dọ̀ Àgùdà fún ìmọ́lẹ̀ ní ohun tí ọwọ́ lè gbé. Àwọn Aládùúrà fi aṣọ funfun, àbẹ́là àti ẹsẹ̀ lásán sọ ọ́ di ohun tí ojú rí. Ó yẹ kí àwọn tí ń ṣe ìwádìí lórí ìjọsìn wọn kúrò lórí ìbéèrè bóyá àbẹ́là tọ́ tàbí kò tọ́, kí wọ́n wo àwùjọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó kù ju ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ lọ. Bí iná bá gba gbogbo àyè ìmọ́lẹ̀ nínú àdúrà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ni a pààrọ̀. Aládùúgbò ni a pààrọ̀ sí ọ̀tá. Ìwé Ìfihàn 21 sọ̀rọ̀ ìlú kan tí kò nílò oòrùn tàbí òṣùpá, nítorí pé ògo Ọlọ́run ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, tí àwọn orílẹ̀-èdè sì ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn ẹnubodè ìlú náà kì í tì. Ìlú tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá yẹ kí ó lè gbọ́ èyí yé ju ìlú mìíràn lọ: bí ilẹ̀ bá mọ́ ní Òkèrèwè, ó ti mọ́ ní Modákẹ́kẹ́.